Ohùn Láti Òkè fún Awakọ̀ Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

Olùkọ́ ọmọdé ni mí; èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni láti gba ohun tí ó ṣòro lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì bù ú ní òkèlè òkèlè fún ẹni tí ebi ìmọ̀ ń pa. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé, ẹ foríjì mí. Àrùn iṣẹ́ wa ni.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí sátẹ́láìtì tuntun ṣe lè ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti máa gbọ́ rédíò lójú ọ̀nà láìsí ìdádúró. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó kan ará Mayfair nínú ohun tí ń fò lókè ọ̀run? Èsì mi ni pé kò sí àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó tiwa. Oríta ni a ń gbé. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, tí àwọn ọmọ wa, àwọn oníṣòwò wa àti àwọn aláìsàn wa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí Èkó, sí Oǹdó àti sí ibi gbogbo. Ohun tí awakọ̀ bá gbọ́ tàbí tí kò gbọ́ lójú ọ̀nà, àwa ni a jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn fún ìdíje ìṣirò. A wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara bí a ti ń kúrò ní Ifẹ̀. Nígbà tí a kọjá Gbọ̀ngán, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí ha. Kí a tó dé Ìkirè, ariwo bí ohùn òjò lórí páànù nìkan ni ó kù. Awakọ̀ pa á. Nígbà tí a ń súnmọ́ Aṣéjìrè, a bá ọkọ̀ tí ó tò lọ bí èèrùn: tírélà kan ti ṣubú, ó sì dí ọ̀nà. Wákàtí mẹ́rin ni a lò níbẹ̀. Awakọ̀ wa, ọmọlúàbí ènìyàn, yíjú padà ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú. Ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá ti gba ọ̀nà Ìwó.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀bi yín.” Nígbà tí a padà délé, ìyàwó mi sọ fún mi pé wọ́n ti kéde ìṣubú tírélà náà lórí rédíò ní Ifẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, nígbà tí àwa ti kọjá ibi tí ohùn náà lè dé. Ìdíje ti parí kí a tó dé Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn di ìwé rẹ̀ mú láti Aṣéjìrè títí a fi padà dé Mayfair. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀ràn yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí ohùn fi ń sọnù. Ní ọdún 1935, nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò rédíò ní Èkó, wáyà ni wọ́n fà wọ ilé ènìyàn, tí wọ́n so mọ́ àpótí kékeré kan. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí náà ni àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé a máa sọ tirẹ̀ láìgba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí wáyà mọ, ibẹ̀ ni ohùn mọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn wá ń gba inú afẹ́fẹ́, tí àwọn òpó gíga sì ń ta á káàkiri. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò tí a ń pè ní FM, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó wà nítòsí wa ń lò, tààrà ni ó máa ń rìn bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Kò mọ bí a ti ń yí òkè po, kò sì lè tẹ̀ lé ilẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń yí gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin náà mọ àwọn òkè tí ó yí Ifẹ̀ ká. Òpó tí ó wà nínú ìlú lè sọ̀rọ̀ dé ìwọ̀n kìlómítà mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò bo ẹnu rẹ̀.

Bí òpó bá ga sí i, ohùn rẹ̀ yóò jìnnà sí i. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi béèrè pé, bí a bá gbé òpó kan sí ojú ọ̀run ńkọ́? Arthur Clarke, ará Bìrìtìkó, ni ó kọ ìwé lórí èyí ní 1945. Ó fi hàn pé bí a bá gbé nǹkan sí òkè ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ní gíga tí ó tó kìlómítà 36,000, ìwọ̀n wákàtí tí ayé fi ń yí lẹ́ẹ̀kan ni òun náà yóò fi yí. Lójú àwa tí a wà nílẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Kí ẹ lè mọ bí kìlómítà 36,000 ti pọ̀ tó: ẹni tí ó bá yí gbogbo ayé po yóò rin bí 40,000. Síbẹ̀, ohùn yóò gòkè, yóò sì sọ̀kalẹ̀ láàrín ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ni sátẹ́láìtì: òpó tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin yóò rò pé Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ fi irú òpó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rédíò sí etí mẹ̀kúnnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Áfríkà ni. Noah Samara, ọmọ Áfríkà tí a bí ní Addis Ababa, ni ó dá ilé-iṣẹ́ WorldSpace sílẹ̀, ní èrò pé kí ìròyìn àti ẹ̀kọ́ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé-iṣẹ́ rédíò jìnnà sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n ju sátẹ́láìtì AfriStar sókè láti Kourou ní Guiana ti Faransé. Ní ọdún 1999, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sórí gbogbo ilẹ̀ Áfríkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà. Àwa ni a kọ́kọ́ jí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ jí kọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé oko.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí AfriStar? Ohun mẹ́ta ni. Èkínní, rédíò tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Ó di dandan kí a ra ẹ̀rọ tuntun, owó rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sì tó dọ́là 200. Ẹ wo iye tí ìyẹn jẹ́ lójú àgbẹ̀ tàbí awakọ̀! Èkejì, a ṣe é fún ẹni tí ó jókòó ju ẹni tí ń rìn lọ: a ó gbé etí ẹ̀rọ náà kọjú sí ibi tí sátẹ́láìtì wà, bí igi tàbí ilé bá sì dí i, ohùn a dákẹ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí owó kò wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó àsansílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀, èyí sì lé tálákà jìnnà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, WorldSpace wọ ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti jẹ́wọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Sátẹ́láìtì náà kò jábọ́, kò sì yadi. Etí tí yóò gbọ́ ọ ni kò tó.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é yọrí. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wakọ̀ ní Houston, ní Atlanta àti ní Maryland, ẹ mọ SiriusXM. Ilé-iṣẹ́ méjì ni tẹ́lẹ̀, XM àti Sirius, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 àti 2002, tí wọ́n sì di ọ̀kan ní 2008. Wọ́n mọ̀ pé awakọ̀ ni oníbàárà wọn, nítorí náà wọ́n ṣe ohun mẹ́ta tí a kò ṣe fún AfriStar. Wọ́n bá àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ náà lè ti wà nínú ọkọ̀ kí ènìyàn tó rà á. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ nínú àwọn ìlú ńlá, kí òpó náà lè gba ohùn sọ níbi tí ilé gíga bá ti bo ojú ọ̀run. Wọ́n sì ń rán ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ pẹ́ ju èkínní lọ. Bí ọkọ̀ bá kọjá lábẹ́ afárá tí ó sì pàdánù èkínní, ẹ̀rọ a mú nínú èkejì dí àlàfo náà, etí awakọ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Sátẹ́láìtì pẹ̀lú a máa gbó, a sì máa kùnà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ju SXM-7 sókè. Kí oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Ṣùgbọ́n àwọn ògbólógbòó kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, owó adójútòfò sì wà. Wọ́n ju SXM-8 sókè ní 2021, SXM-9 ní 2024, àti SXM-10 ní 2025. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Nàìjíríà náà ti gbìyànjú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, wọ́n ju NigComSat-1 sókè fún wa láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ó pàdánù agbára oòrùn tí ó ń lò, ó sì kú. Nítorí pé adójútòfò wà, a rí NigComSat-1R gbà dípò rẹ̀, ó sì gòkè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ọdún 15 ni a dá fún un láti fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé 2026 ni iye yẹn pé. Ìjọba ti kéde pé òun yóò ra méjì mìíràn, NigComSat-2A àti NigComSat-2B. Ìgbà tí a kò tíì kan àpótí ni a ń sọ fún káfíńtà bí a ti fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá ní ọdún yìí.

Kí ni kí á sọ fún káfíńtà náà? Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ibi tí yóò dúró. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ti ẹyẹ ni wọ́n ń sọ. Ti sátẹ́láìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ààyè tí ó wà lókè ìlà àárín ayé ní ìwọ̀n, Àjọ Ìbánisọ̀rọ̀ Àgbáyé tí a ń pè ní ITU ni ó sì ń ṣe ètò pínpín rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. NigComSat-1R wà ní ìlà-oòrùn wa. Bí ẹ bá dúró ní Mayfair ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ẹ wo bí oòrùn ti ga tó, gíga sátẹ́láìtì náà kò jù báyẹn lọ. Ibi tí AfriStar wà nígbà iṣẹ́ rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀run wa. Ó dà bí oòrùn aago mọ́kànlá kọjá. Ẹ̀yin àgbẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Ní aago mẹ́wàá, òjìji igi ṣì gùn lórí ọ̀nà. Ní ọ̀sán, ó ti ká sí ìdí igi. Bí igi ti ń ji oòrùn mọ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ji ohùn sátẹ́láìtì mọ́ ọn. Nítorí náà, sátẹ́láìtì tí yóò bá awakọ̀ ilẹ̀ igbó bí tiwa sọ̀rọ̀ tààrà gbọ́dọ̀ wà lókè orí wa, ohùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: kì í ṣe dandan kí sátẹ́láìtì bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ̀kọ́ AfriStar ni pé rédíò tí ó ti wà nínú ọkọ̀ ni kí á lò. Bí a bá ri àwọn òpó kékeré FM mọ́lẹ̀ láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, ọ̀kan ní agbègbè Gbọ̀ngán, ọ̀kan ní Ìkirè, ọ̀kan ní Aṣéjìrè, tí olúkúlùkù sì ní àwo agbohùn tí ó kọjú sí sátẹ́láìtì, ohùn kan ṣoṣo yóò sọ̀kalẹ̀ sórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo náà dúró sójú kan, igi kò dí i. Òpó náà wà létí ọ̀nà, òkè kò bò ó. Rédíò inú ọkọ̀ ìgbàlódé a sì lè fúnra rẹ̀ sún láti orí òpó kan sí èkejì tí ń sọ ètò kan náà, kí ọwọ́ awakọ̀ má baà kúrò lórí ìdarí ọkọ̀. Awakọ̀ kò ní ra ẹ̀rọ tuntun, kò sì ní san owó oṣù. Bákan náà ni a lè ṣe lọ́nà Oǹdó àti lọ́nà Iléṣà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé fóònù ti dé, íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, kí ni a tún ń wá rédíò sí? Òtítọ́ ni pé fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní òkè òkun fi ń gbọ́ ohùn ilé. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ń ra dátà tirẹ̀, ibi púpọ̀ wà láàrín ìlú sí ìlú tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dé, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ máa tẹ fóònù lórí eré. Rédíò kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí a fi bá ènìyàn mẹ́wàá sọ̀rọ̀ náà ni a ó fi bá ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ síbẹ̀. Bí a tilẹ̀ rí sátẹ́láìtì, tí a rí òpó, kí ni ohùn náà yóò máa sọ? Bí ó bá jẹ́ orin ọ̀sán-gangan àti ìpolówó ọṣẹ nìkan, tírélà yóò máa ṣubú, àwa yóò sì máa jókòó sí Aṣéjìrè. Èkó ti ní ilé-iṣẹ́ rédíò tí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an láti 2012. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn tọ́ sí irú rẹ̀, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá tí awakọ̀, kọndọ́tọ̀ àti ìyá oníṣòwò yóò gbọ́ yéké.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ọ̀nà yìí kan náà ni ó ti mú kí àwọn aṣáájú wa ronú rí. Ní ọdún 1977 ni a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tí Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ni ó ṣáájú wọn, nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, òun kan náà ni a fi ṣe alága àkọ́kọ́. Láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti gbèrú di ti gbogbo Nàìjíríà. Kí ló dé tí èyí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ Ẹgbẹ́ wa pé kí ó ṣe. Èkínní, kí á kọ ìwé sí ìjọba àpapọ̀ àti sí ilé-iṣẹ́ NigComSat kí iṣẹ́ àwọn sátẹ́láìtì tuntun náà tó jìnnà, pé kí wọ́n ya ààyè sọ́tọ̀ nínú wọn fún rédíò ojú ọ̀nà, kí wọ́n sì ka owó òpó ilẹ̀ mọ́ owó sátẹ́láìtì. Kí á má ṣe fi ìmọ̀ tiwa nìkan kọ ọ́. Láti 1998, ọdún kan náà tí AfriStar gòkè, ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfríkà tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó wà, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Kí á lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tí ó ń gbé etí odò kò yẹ kí ó fi itọ́ bọ́jú.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ ìwé sí wa. Ẹ sọ fún wa iye tí ẹ ń san, ibi tí ohùn ti ń já, àti bí ó ti ń ṣe lábẹ́ igi àti lábẹ́ afárá. Owó nìkan kọ́ ni ọmọ ìdálẹ̀ lè fi ránṣẹ́ sílé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀bùn.

Ẹ̀kẹta, èyí tí kò gba sátẹ́láìtì kankan: kí á bá àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ wa sọ̀rọ̀, kí á yan ènìyàn méjì tí yóò máa gba ìròyìn ọ̀nà lẹ́nu àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí yóò sì máa fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ifẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí á sì kọ ọ́ sára pátákó ní ibùdókọ̀ kí ẹni tí ń jáde lọ lè kà á. Bí a kò bá lè ṣe èyí tí ó wà nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbà pé a lè lo èyí tí ó wà lókè.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di géńdé báyìí, ó sì ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ ò tíì gbàgbé Aṣéjìrè?” Mo ní n kò gbàgbé. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.